Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ra irúgbìn ìrẹsì tí wọ́n yin ìtànṣán gáámà sí?

Àgbẹ̀ Ìmọ́tà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbàtà Ìmọ́tà, ní Ìkòròdú níbí, ni mo ti ń gbin ìrẹsì. Ọ̀gbẹ́ni kan ń ta irúgbìn kiri, ó ní wọ́n ti yin ìtànṣán gáámà sí i, pé á tóbi, á sì so ní ìlọ́po méjì láìlo ajílẹ̀. Ó wọ́n gan-an. Ṣé kí n rà á? Tí kì í bá ṣe èyí, èwo ni kí n rà?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ẹ̀pẹ́: Háà! Kì í ṣe ohun tó ń fa jẹjẹrẹ nìyẹn? Wọn ò ní gbé e wọlé mi.

Ọmọ Láàbù: Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ìtànṣán náà kọjá lára irúgbìn ni, kò jókòó síbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò àyà èèyàn ní ọsibítù.

Ẹ̀gbọ́n Ìmọ́tà, gáámà kì í ṣe ajílẹ̀. Ṣe ló ń já okùn DNA, ìyẹn okùn tín-ín-rín inú irúgbìn tó gbé àbùdá rẹ̀. Tó bá ti já a, sẹ́ẹ̀lì á dá pípín dúró, àwọn jíìnì (apá okùn náà tó ń darí iṣẹ́ ara) tó ń tún okùn so á jí, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Irúgbìn tó bá gbà á jù kì í ga, gbòǹgbò rẹ̀ a kúrú, òmíràn ò tiẹ̀ ní hù. Ibi tí wọn ò bá so dáadáa ló ń di ìyípadà, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ò sì wúlò. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń gbin ọmọ rẹ̀, láti ìran kejì ni wọ́n ti ń ṣà á.

Ẹ wo Calrose 76, irú ìrẹsì kan tí wọ́n gbé jáde ní California lọ́dún 1976. Gáámà ba jíìnì sd1 rẹ̀ jẹ́, èròjà tó ń mú un ga dínkù, ìrẹsì náà kúrú, kò sì ń wó lulẹ̀ mọ́. Kíkúrú ló gbé e níyì o, kì í ṣe títóbi!

Bàbá Oko: Ẹ bi ọ̀gbẹ́ni náà lórúkọ irúgbìn náà, kẹ́ ẹ sì wá àmì NASC, àjọ ìjọba tó ń rí sí irúgbìn, lára àpò. Tí kò bá sí, kó máa gbé e lọ. Irú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní FARO 44 ni kẹ́ ẹ rà fún àbàtà, kì í tó oṣù mẹ́rin púpọ̀ kó tó gbó.

Àgbẹ̀ Ìmọ́tà: Mo bi í, sà. Ó ní àṣírí ilé iṣẹ́ àwọn ni 😂. Kílò mélòó ló máa tó éékà kan?

Bàbá Oko: Bí 20, tẹ́ ẹ bá máa ṣí i láti nọ́sìrì. Ẹ kọ́kọ́ dà á sómi, kẹ́ ẹ gbọ́n èyí tó bá léfòó dànù.