Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé wo ló ti dójú tì yín lédè Ùsbẹ̀k? Ẹ wá sọ tiyín

Tíṣà Àjò

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Ùsbẹ̀kìstán rí, tàbí tẹ́ ẹ ti bá wọn da nǹkan pọ̀, ẹ bọ́ síbí. Èmi ni n ó kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi.

Ọdún kejì mi ní Tashkent ni. Mo wà lára àwọn tó ń dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ìwé wa, a ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Ùsbẹ̀k kó tó dé ilé-ìwé. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ògbufọ̀ wa rìnrìn àjò, ìwé ìpè kan sì wà nílẹ̀ tí ò lè dúró dè é. Ojú ewé kan péré: ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan fún àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì. Mo ní kí wá ni mo ń kọ́ èdè yìí fún? Mo ṣí ìwé atúmọ̀, mo rí i pé fan ni sáyẹ́ǹsì, o'qituvchi ni tíṣà. Mo so wọ́n pọ̀, ó di fan o'qituvchisi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn létí. Mo fi ránṣẹ́.

Àga 22 la tò. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, èèyàn ti lé ní 60. Tíṣà ìtàn wà níbẹ̀. Tíṣà orin wà níbẹ̀. Tíṣà eré ìdárayá fi fèrè kọ́rùn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Mo rò pé wọ́n ṣìnà ni, àfi ìgbà tí ọ̀gá obìnrin ilé-ìwé náà na ìwé ìpè sí mi, tó fi ìka lé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pè wá."

Àṣé gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé ni fan. Ìṣirò, fan ni. Ìtàn, fan ni. Sáyẹ́ǹsì tí èmi ń wí, tabiiy fanlar ló ń jẹ́, àwọn fan tó jẹ mọ́ ìṣẹ̀dá. Fan o'qituvchisi wá ni tíṣà yòówù tó bá ti ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó dì mú. Àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan ń kọ́ ọmọ ní ohun gbogbo, nìkan ni ìwé mi ò pè. Inú sì bí wọn.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo pe ọmọ ọdún méje ní talaba. Lọ́dọ̀ tiwa, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn. Níbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé ni o'quvchi, ti yunifásítì ni talaba. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù ni baho. Iye tí nǹkan tó ni baho, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ní ilé-ìwé, òun ni máàkì: 5 ni a'lo, ti ọmọ tó pegedé, 2 ni qoniqarsiz, ìyẹn kò tẹ́ wa lọ́rùn. Inú baho ni wọ́n ti bí baholash, tí wọ́n fi ń pe ìgbéléwọ̀n. Ìwé wa wá ń sọ̀rọ̀ ìgbéléwọ̀n tí tíṣà ń ṣe láàárín ẹ̀kọ́, tí ò sí máàkì ńbẹ̀, kó ṣáà lè mọ ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú fún ọmọ. Àwọn kan ń pè é ní formativ baholash, àwọn kan ní shakllantiruvchi baholash, baholash tó ń mọ nǹkan bí ẹni ń mọ ìkòkò. Màmá tíṣà kan jókòó níwájú. Ábídí Rọ́ṣíà ló ṣì fi ń kọ nóòtì (láti 1993 lòfin ti ní kí wọ́n bọ́ sí Látìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà kì í tètè gbàgbé). Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, báwo ni n ó ṣe ṣe baho tí n ò ní fún un ní baho?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Lẹ́nu tiwa, èèyàn lè gbé nǹkan lé ìwọ̀n kó má dá iye lé e. Tiwọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, gbólóhùn gígùn la fi rọ́pò rẹ̀: kí tíṣà wo ohun tí ọmọ ti mọ̀ àtohun tó kù, kó sì sọ ọ́ fún un. Olóòtú ní ó ti gùn jù. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n màmá yẹn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibì kan wà tí Yorùbá ti gbè mí. Wọ́n máa ń kọ ta'lim àti tarbiya pọ̀. Ọ̀gá mi Òyìnbó ní ká yọ ọ̀kan, pé àsọtúnsọ ni. Mo ní rárá o. Ẹ̀kọ́ ìwé ni ta'lim, ẹ̀kọ́ ilé ni tarbiya. Ta ló máa wá sọ fún ọmọ Yorùbá pé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ọmọ Samarkand

Ẹ̀gbọ́n, tiyín dáa, èrò ló kàn pọ̀ jù. Ìmọ̀ ìṣègùn ni mo lọ kọ́ ní Samarkand. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ́fíìsì tí mo bá dé, kontrakt ni wọ́n ń bi mí. Mo ní ẹ̀yin ará, mi ò gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ ìjọba kankan o! Àṣé owó ilé-ìwé ni. Ẹni tí ìjọba ń sanwó fún, grant ló wà. Ẹni tó ń san tiẹ̀ fúnra rẹ̀, kontrakt ló wà. Mo san, mo ki rìsíìtì bọ inú Bíbélì.

Lẹ́yìn ìdánwò ìgbà òtútù, akọ̀wé dekanat, ọ́fíìsì díìnì wa, wò mí, ó ní, "Qarzdorsiz." Mo mọ qarz, gbèsè ni. Mo sáré lọ sílé nínú yìnyín, mo fa rìsíìtì yọ, mo tún lọ gba ìwé ẹ̀rí ní báńkì, mo kó gbogbo rẹ̀ dà sórí tábìlì rẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó kàn fi bírò gún ìlà kan: anatomiya. Gbèsè tó ń wí, kàríófà ni! Akademik qarzdor ni ẹni tó bá fìdí rẹmi tí kò sì tíì tún un ṣe. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wù mí kó jẹ́ owó.

Alfa Ìlọrin

Salaamu alaykum. Mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n mo bá bàbá kan láti Bukhara pàdé ní Mẹ̀dínà. Lárúbáwá rẹ̀ ò tó nǹkan, èmi ò gbọ́ Ùsbẹ̀k rárá. A kàn ń ju ọ̀rọ̀ síra wa. Kitob, mo gbọ́. Qalam, mo gbọ́. Vaqt, wákàtí tiwa náà ni. Duo, àdúrà. Ó ń ṣe wá bíi pé a jọ ṣe kéú ni. Ló bá fi fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ̀ hàn mí, ọmọ bí ọdún mẹ́jọ, ó ní, "Maktab, maktab." Lárúbáwá tí mo kọ́, ọ́fíìsì ni maktab. Mo ní Subhanallah, wọ́n ti fi ọmọ kékeré yìí sẹ́nu iṣẹ́! Mò ń mirí, àánú ń ṣe mí. Òun rò pé orí pípé ọmọ náà ló yà mí lẹ́nu, ó tún fa fọ́tò mìíràn yọ. Ọjọ́ kejì lẹnì kan tó gbọ́ èdè méjèèjì tó là á yé mi pé ilé-ìwé ni.

Fan tí Tíṣà ń wí, fannu ni lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ka ìmọ̀. Ká ní ẹ bi alfa kan kẹ́ ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì

Tíṣà, ẹ ò parí ìtàn. Èèyàn 60, àga 22. Kí lẹ wá ṣe?

Tíṣà Àjò

Alfa, ẹ má bínú o, ẹni tó pe maktab ní ọ́fíìsì ló fẹ́ kọ́ mi ní fan?

Ìyá Ìbejì, a yá àga ní kíláàsì, a bu tíì fún gbogbo èèyàn, a sì kọ́ tíṣà orin ní bí iná mànàmáná ṣe ń ṣiṣẹ́. Tíṣà eré ìdárayá ló kọ́kọ́ tan gílóòbù. Títí mo fi kúrò ní Tashkent, níbi tó bá ti rí mi, á fọn fèrè kan, á ní, "Gbogbo fan o'qituvchisi, ó yá, ẹ tò!"