Ẹ gbà mí o, mọ́ínmọ́ín fẹ́ bà mí jẹ́ lójú ìyá ọkọ mi

Ìyàwó Adó
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Èkó là ń gbé, Adó-Èkìtì nilé ọkọ mi. Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a lọ kí màámi, ìyẹn ìyá ọkọ mi. Wọ́n fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín, èmi náà ní kí n má lọ lọ́wọ́ òfo. Agolo mílíìkì mẹ́wàá ẹ̀wà olóyin, ẹja títù kíló kan, ẹyin, edé, ewé eéran ìdì méjì. Owó ńlá! Ká má tíì sọ ti bíbó ẹ̀wà, tó jẹ́ pé ọwọ́ mi hó. Gbogbo ilé jókòó, màámi tú ewé, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan o. Ìbàdíàrán, àbúrò ọkọ mi, ló lanu: "Ìyàwó, ṣé omi ògì lẹ fi pò ó ni?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín! Ọkọ mi tó yẹ kó gbè sẹ́yìn mi! Lóòótọ́ ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, inú rẹ̀ sì kún fún ihò. Mo mọ̀ pé ìyá tó ta ẹ̀wà fún mi ló da oògùn kòkòrò sí i. Ṣé kí n gbé èyí tó kù padà lọ bá a lọ́jà, àbí kí n dárúkọ rẹ̀ síbí kí ayé mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ a tún ń lọ, mi ò fẹ́ ìtìjú kejì.

Àdùkẹ́ Alásè
Ẹ fi ìyá ọlọ́jà sílẹ̀ ná. Oògùn kòkòrò burú, NAFDAC pàápàá ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń dà á sí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kì í mú oúnjẹ kan. Òórùn rẹ̀ lè ti sọ nígbà tẹ́ ẹ bá da omi sí ẹ̀wà. Mọ́ínmọ́ín tó kan, tó tún ní ihò bíi búrẹ́dì, ti wú kí iná tó mú un dì. Ọjọ́ wo lẹ lọ̀ ọ́? Aago mélòó lẹ gbé e kaná?

Ìyá Oníkúlà
Kò gba ìbéèrè. Gbígbóná lẹ kó o sí kúlà, ẹ dé e pa. Ooru á gba abẹ́ ọmọrí, á di omi, á máa kán padà sórí ewé. Bẹ́ ẹ bá sè é tán, ẹ tẹ́ ẹ sórí atẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó kó o síbi kankan.

Bàbá Ìdáná
Ìyá Oníkúlà, ẹ má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ooru kọ́ ló ń ba mọ́ínmọ́ín jẹ́, ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Bó bá gbóná ju 60°C lọ, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń dá àìsàn sílẹ̀ ò lè bí sí i. Bó bá tutù dé 5°C, wọ́n á sùn. Àárín méjèèjì lewu wà. Ẹni tó ń lọ Abẹ́òkúta lè gbé e ní gbígbóná: kó da omi híhó sínú kúlà fún ìṣẹ́jú 10, kó dà á nù, kó kó mọ́ínmọ́ín sí i bó ṣe ń kúrò lórí iná, kó kún dẹ́nu, kó fi tówẹ̀lì dí àyè tó bá kù, kó má sì ṣí i lójú ọ̀nà. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin nìyẹn. Kúlà tó dé ìdajì kì í pa ooru mọ́. Adó ní tiẹ̀ jìnnà.

Ìyá Oníkúlà
Ta ló ń ṣi èèyàn lọ́nà? Ẹni mélòó ló ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru nílé?

Bàbá Ìdáná
Kò gba ìwọ̀n. Bẹ́ ẹ bá lè di ewé rẹ̀ mú tí kò jó yín lọ́wọ́, ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ ẹ́, tàbí kẹ́ ẹ mú un tutù kíákíá.

Ọmọ Ewì
Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ná: ta ló ń ru mọ́ínmọ́ín lọ sí Èkìtì? Iyán ni wọ́n gún kalẹ̀ dè yín. Ẹja títù yẹn ni kẹ́ ẹ bá gbé lọ.

Alájò
Ọ̀nà ló fà á, ẹ pẹ́ jù. Ẹ wọ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, Ìbàdàn lẹ ó ti wọ mọ́tò.

Ìyá Ìbejì
Mọ́níyà ni rélùwéè yẹn ń já èèyàn sí, lókè níbẹ̀. Ẹ ó tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìwó Road kẹ́ ẹ tó rí mọ́tò Ifẹ̀ àti Iléṣà. Pẹ̀lú kúlà lórí? Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn nìkan nìyẹn dára fún.

Ìyàwó Adó
Ẹ ṣé o. Kúlà ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mọ́tò tiwa la gbé, aago mẹ́fà àárọ̀ la kúrò nílé, a gba Ifẹ̀, Iléṣà, Ìtàwúré, Àrámọkọ, a dé Adó ní aago méjì. Ọmọ Ewì, màámi fúnra wọn ló ní kí n ṣe mọ́ínmọ́ín, ẹ má bú mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ bá mi dá sí.

Àǹtí Ìdí-Ààrò
Ìyàwó Adó, Àdùkẹ́ bi yín ní ìbéèrè méjì lókè, ẹ fò ó. Ẹ ka ìlú tẹ́ ẹ gbà kọjá fún wa, ẹ ò sọ aago tẹ́ ẹ dáná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dárúkọ ọlọ́jà síta!

Ìyá Ìbejì
Ó lè jẹ́ omi ló pọ̀. Fún agolo mílíìkì mẹ́ta ẹ̀wà, omi ìlọ̀ àti omi ẹran lápapọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìgò 75 cl kan lọ. Bó bá ṣàn jù, ẹ̀wà á rì sísàlẹ̀, omi á léfòó. Ìsàlẹ̀ á le, òkè á rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀. Ẹ máa rò ó kẹ́ ẹ tó bù ú sínú ewé kọ̀ọ̀kan.

Àdùkẹ́ Alásè
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní mú un kan. Mo ṣì ń retí aago.

Ìyàwó Adó
Ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ mi gba ibòmíràn. Èmi ò sọ pé mo sè é l'Ékòó o. Màámi kì í jẹ mọ́ínmọ́ín àná. Lílọ̀ ni mo lọ̀ ọ́, mo po gbogbo rẹ̀ pọ̀ tẹja tedé, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, Adó la ti pọ́n ọn séwé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti gbé e lọ sẹ́rọ, torí mi ò mọ̀ bóyá iná máa wà láàárọ̀. Mo gbé e sí fíríìjì, wọ́n mú iná lọ ní aago mẹ́sàn-án, kò dé títí a fi gbéra. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló dórí iná. Ní Iléṣà, kẹ́ẹ̀gì náà wú, mo ṣí ọmọrí rẹ̀, afẹ́fẹ́ jáde fììì. Mo rò pé jíjì tí mọ́tò ń jì ni.

Bàbá Ìdáná
Kẹ́ẹ̀gì wú!

Àdùkẹ́ Alásè
Wákàtí 23. Ẹ̀rọ máa ń mú ẹ̀wà gbóná bó bá ń lọ̀ ọ́, kò sì tíì tutù láàárín kẹ́ẹ̀gì nígbà tí iná lọ. Ṣé omi ẹran tàbí omi ẹja wà nínú rẹ̀?

Ìyàwó Adó
Omi ẹja títù. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ nígbà tí mo dà á sí i.

Àdùkẹ́ Alásè
Ó parí. Ẹ̀wà lílọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí ata, àlùbọ́sà àti omi ẹja wà nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò yẹn á jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n á tu kíkan àti afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ló wú kẹ́ẹ̀gì, òun náà ló dá ihò sí mọ́ínmọ́ín. Ẹ sì gbọ́ èyí: ìsè lè pa kòkòrò, kì í pa gbogbo oró tí wọ́n ti tu sílẹ̀. Ọpẹ́ ni pé màámi gbé e sílẹ̀. Èyí tó kù tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ sọ́jà yẹn, ẹ dà á nù.

Bíbó ni kẹ́ ẹ gbé lọ, ẹ má gbé lílọ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi ìṣẹ́jú 10 péré kí èèpo rọ̀, ẹ bó o, ẹ ṣàn án mọ́ kí ojú dúdú tán pátápátá, kẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì. Lálẹ́ ẹ kó o wọlé kí ìrì má sẹ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá gbọ̀n ọ́n tó ń dún ṣákáṣáká, tí eyín fọ́ ọ dípò kó tẹ̀ ẹ́, ó ti gbẹ. Inú àpò aṣọ ni kó wọ̀, ọ̀nà Adó ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù wákàtí méjì. Ẹ má fi omi gbígbóná yá a lára, ẹ̀yìn rẹ̀ á jinná díẹ̀, kò ní kúnná mọ́. Iyọ̀, òróró àti omi ẹja, ìgbà tí omi bá ń hó lórí iná, tẹ́ ẹ ti fọ ewé tán, ni kẹ́ ẹ tó pò wọ́n mọ́ ọn.

Ìyàwó Adó
Báwo ni mo ṣe máa lọ̀ ọ́ ní Adó? Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màámi, ata nìkan ni wọ́n ń lọ níbẹ̀.

Àǹtí Ìdí-Ààrò
Ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ ru kẹ́ẹ̀gì láti Èkó!

Ìyàwó Adó
Àǹtí, màámi ò fẹ́ ata púpọ̀. Ẹ̀rọ yẹn, rodo ló kún inú rẹ̀.

Bàbá Ìdáná
Ẹ jẹ́ kó fi omi ṣan ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà méjì ṣíwájú. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹ dà á nù, òun ló gbá ata tó kù mọ́ òkúta ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, tàtàṣé àti àlùbọ́sà nìkan ni kẹ́ ẹ fi sí tiyín, ẹ má fi rodo kankan sí i. Ẹ ní kó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ ẹ bá fi ìka méjì pa á tí kò há bí iyanrìn, ó ti kúnná.

Ìyá Oníkúlà
Ẹ ò ní fi ti yìnyín sílẹ̀ o. Ẹni tí iná rẹ̀ dá a lójú lè sè é ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, kó jẹ́ kó tutù, kó fi dì gbagidi nínú fíríìsà mọ́júmọ́. Ìgò omi dídì nísàlẹ̀ kúlà, mọ́ínmọ́ín láàárín, ìgò mìíràn lókè, ìwé ìròyìn yí i ká. Bó bá dé Adó, kó gbé e sórí omi híhó pẹ̀lú ewé rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tú ọ̀kan wò bóyá àárín gbóná. Ṣùgbọ́n kó má fi ẹyin sí i. Funfun ẹyin sísè tó bá dì máa ń le bíi rọ́bà, á tún máa ṣomi.

Ìyá Ìbejì
Mọ́ínmọ́ín tí kò lẹ́yin! Ṣé ìyẹn ló máa wá jẹ́ ẹlẹ́mìí méje?

Ìyá Oníkúlà
Ẹ fi ẹja dí ẹ̀mí kan níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Alásè
Ilé tí iná ti ń lọ láago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ ń sọ̀rọ̀ fíríìsà fún. Màámi ò sì jẹ mọ́ínmọ́ín àná, ó ti sọ fún wa. Gbígbẹ ni kó gbé lọ. Ìyàwó Adó, igi ewé ni kẹ́ ẹ tẹ́ sísàlẹ̀ ìkòkò, kí omi má kọjá rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń to ti àkọ́kọ́. Wákàtí kan lórí iná, ẹ máa bu omi híhó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò bó bá ń gbẹ. Omi tútù á dá ìsè dúró. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kó tó dójú àwo, yóò túbọ̀ dì.

Ìyàwó Adó
Mo dúpẹ́ o. Agolo mẹ́fà ni mo bó, ó ti wà nínú oòrùn láti àná. Ẹ má bi mí ibi tí mo ti rà á. Lọ́dọ̀ ìyá yẹn náà ni, òun ni tiẹ̀ mọ́ jù lọ́jà. Ó ní kí n bá òun kí màámi.

Ọmọ Ewì
Ẹ kú ìnáwó. Ẹ ṣáà gbé ẹja títù yẹn dání, torí iyán.