Adójútòfò ẹ̀mí: irú èwo ni kí n gbà, ta sì ni mo lè fọkàn tán ní Ìlọrin?

Olùkọ́ Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Gáà Akánbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ṣubú ní ọ̀sán gangan, kò sì dìde mọ́. Ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀, owó tí a sì dá jọ ní yàrá olùkọ́, inú àdúrà ọjọ́ kẹjọ ló tán sí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan fi gbé fọ́ọ̀mù wá bá wa, pé kí n máa san 10,000 náírà lóṣooṣù fún ọdún 10. Bí mo bá kú kí ó tó pé, ìyàwó mi yóò gba owó, bí n kò bá sì kú, wọn yóò dá owó mi padà tòun ti èrè díẹ̀. Ẹni ọdún 38 ni mí, mo bí ọmọ mẹ́ta, owó oṣù mi sì jẹ́ 150,000 náírà. Ẹ̀jẹ̀ mi a máa ga nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n arákùnrin náà ní kí n má wulẹ̀ kọ ìyẹn síbẹ̀. Irú àdéhùn wo ló yẹ mí, báwo ni mo sì ṣe lè mọ aṣojú tó ṣeé fọkàn tán?

Bàbá Adéwọlé:
Àbúrò, ẹ kú aráfẹ́rakù. Iṣẹ́ adójútòfò ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n dì papọ̀ sínú fọ́ọ̀mù yẹn: ààbò fún àwọn tí ẹ bá fi sílẹ̀, àti owó ìpamọ́ fún ara yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú 10,000 náà ń lọ sí ìpamọ́, díẹ̀ ló ń lọ sí ààbò, ìdí nìyẹn tí iye tí ìyàwó ẹni yóò gbà fi sábà máa ń kéré sí ohun tí a ní lọ́kàn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: 10,000 fún oṣù 120, 1,200,000 náírà ni. Kí ẹni tó rántí iye tí a ń ra àpò ìrẹsì kan ní ọdún 2015 sọ fún mi ohun tí owó yẹn yóò rà lẹ́yìn ọdún 10.

Irú kejì ni ààbò alákòókò. Ẹ óò máa san owó fún ọdún 10 tàbí 15. Bí ẹ bá kú láàárín rẹ̀, wọn á san gbogbo iye tí a kọ sílẹ̀, bí ẹ bá sì wà láàyè, ẹ kò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn aṣojú kì í fi taratara tà á, nítorí pé owó rẹ̀ kéré, kọmíṣọ́ọ̀nù tiwọn náà sì kéré. Ṣùgbọ́n a ń sanwó fún ọdẹ àdúgbò lóṣooṣù, a kì í sì í bínú pé olè kò wá. Fún ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì pọ̀, irú èyí ni èmi yóò kọ́kọ́ wò.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín bóyá wọ́n ti gba adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá tó 15, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí wọ́n gbà á, kí iye rẹ̀ má sì dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Ní tiyín, 5,400,000 náírà nìyẹn. Bí wọ́n bá ti gbà á tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ olóògbé yẹn lẹ́tọ̀ọ́ sí tiwọn.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, aṣojú tó ní kí ẹ fi pamọ́ ti fúnra rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yín kejì. Bí ọjọ́ bá dé, ilé-iṣẹ́ lè béèrè ìwé ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ ti ń lo oògùn kí ẹ tó buwọ́ lùwé, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó, kọmíṣọ́ọ̀nù tirẹ̀ á sì ti wọ àpò tipẹ́. Bí ẹ bá sọ òótọ́, ó lè jẹ́ pé owó tí ẹ óò máa san ni yóò lé díẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Àlàájà Ìpàtà:
Alájọ ni mí, owó obìnrin 30 ni mò ń gbà kiri ọjà lójoojúmọ́, síbẹ̀ wọ́n lù mí ní jìbìtì. Oṣù 14 ni mo fi ń ka owó lé aṣojú kan lọ́wọ́ ní ìsọ̀ mi, tó ń já rìsíìtì fún mi láti inú ìwé kékeré tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ṣọ́ọ̀bù; kò sí nọ́ńbà àdéhùn mi lórí ẹyọ kan níbẹ̀, n kò sì fura. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn, owó oṣù 5 péré ni wọ́n rí, wọ́n ní àdéhùn náà ti kú. Láti ọjọ́ náà, àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ni mo ń sanwó sí. Ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ìkànnì NAICOM, àjọ tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, kí aṣojú náà sì fi ìwé àṣẹ tirẹ̀ hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn fúnra yín, ẹ má lo èyí tí òun fún yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Òmù-Àrán:
Nígbà tí ọkọ mi kú, owó pé, ìwé pé, orúkọ ni kò bára mu. Comfort tó máa ń pè mí ló kọ sí fọ́ọ̀mù, Abọ́sẹ̀dé ló sì wà lórí NIN mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín kóòtù àti ọ́fíìsì wọn ní Ìlọrin nítorí orúkọ kan ṣoṣo. Ẹ kọ orúkọ ìyàwó yín bí NIN rẹ̀ ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ ibi tí ìwé náà wà.

Ààfáà Òkè-Súná:
Kí ẹni tó ń sá fún ribá, ìyẹn owó èlé, má rò pé kò sí ọ̀nà. NAICOM ti gbé ìlànà tàkáfúlù, ìyẹn adójútòfò ní ọ̀nà Ìsìláàmù, jáde láti ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sì wà, bíi Noor Takaful àti Jaiz Takaful. Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ta ara wọn lọ́rẹ ni wọ́n fi ń ran ẹni tí nǹkan ṣe lọ́wọ́, wọn kì í sì í fi í ṣòwò èlé tàbí ọtí. Ṣùgbọ́n lílọ́ láwàní kò sọ aṣojú di olóòótọ́. Ohun tí Àlàájà sọ kan tàwọn náà.

Olùkọ́ Ọmọ Ọ̀fà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ arákùnrin yẹn, ó ní Èkó ló wà. Òṣìṣẹ́ 22 ni wá, ọ̀gá wa sì ní òun kò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà, kí n kọ ọ́ wá fún òun. Ṣé kí n wá alágbàtà dípò aṣojú?

Bàbá Adéwọlé:
Aṣojú ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ni alágbàtà ń ṣiṣẹ́ fún, ó sì lè gba iye wá fún yín láti ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ NAICOM. Ẹ bi í bóyá ilé-iṣẹ́ tó ń mú wá ti ní bílíọ̀nù 10 náírà tí òfin ọdún 2025 ní kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí ní. Ẹ tún bi í pé, bí owó oṣù bá pẹ́ kí ó tó wọlé, ọjọ́ mélòó ni ẹ lè fi pẹ́ san tiyín kí àdéhùn tó kú, kí ó sì fi ìlà tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín nínú ìwé.