Ṣé oúnjẹ ilé máa ń dé ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ni?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi àgbà n'Íkẹ́rẹ́-Èkìtì ní nígbà ogun Hitler, wọ́n ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́jà tí ọ̀tá mú. Ó yà mí lẹ́nu gan-an o, ta ló ń gbé e kọjá tí ọ̀tá ò fi ní kó o jẹ?

Ará Ìjerò: Òótọ́ ni màmá sọ. Àdéhùn Geneva ti 1929, ìyẹn àdéhùn táwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n ogun, ló fàyè gbà á, Red Cross, ẹgbẹ́ aláàánú, ló sì ń kó o. Tó bá kúrò ní Britain, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Lisbon ní Portugal, á tún wọ òmíì lọ Marseille ní France, kó tó wọ rélùwéè lọ Geneva ní Switzerland, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in lọ s'áwọn àgọ́ ní Jámánì. Páálí kan tó bíi kílò 5: tíì, mílíìkì agolo, ṣúgà, ẹran agolo, bisikíìtì, ṣokoléètì, ọṣẹ. Aṣọ ni ẹbí fúnra wọn sábà ń fi ránṣẹ́.

Ọmọ Adó: Bọ̀ọ̀dá, ti Jámánì lẹ sọ yẹn. Lọ́dọ̀ àwọn Japan, ọ̀pọ̀ páálí ni wọn ò fún ẹnikẹ́ni, ebi sì pa èèyàn kú níbẹ̀. Ó dùn mí wọra, torí Burma làwọn bàbá wa lọ bá wọn jà.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Háà! Ẹ ṣé gan-an. Màá kà á fún màmá lálẹ́ òní.