Kapasítọ̀ ń jó lórí jẹnẹrétọ̀, àmọ́ àwòṣe mi ní kò séwu

Aṣẹ́ná kọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Tíránsífọ́mà wọn jẹ́ 500 kVA, ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ 4%. Jẹnẹrétọ̀ wọn náà jẹ́ 500 kVA, kapasítọ̀ 125 kvar (kvar ni ìwọ̀n agbára kapasítọ̀) sì wà lójú iná. Àwọn dráìfù tó ń yí mọ́tò wọn jẹ́ onídáyóòdù mẹ́fà (dáyóòdù ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo). Orísun kọ́rẹ́ǹtì tí kì í yí padà ni mo fi ṣe àwòṣe wọn: 20% fún hámóníìkì karùn-ún (ìgbì tó ń yára ní ìlọ́po márùn-ún 50 Hz iná), 14.3% fún ìkeje, 9.1% fún ìkọkànlá. Nígbà tí NEPA bá mú iná wá, gbogbo rẹ̀ ń lọ bí àwòṣe ti wí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti tan jẹnẹ́, kapasítọ̀ á máa kùn bí oyin, ara rẹ̀ á wú, fíúsì á sì jó. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Bàbá Fíúsì dáhùn:
Ó jọ pé ìdènà tíránsífọ́mà ni ẹ fi sílẹ̀ nínú àwòṣe nígbà tí jẹnẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi 0.04 pín 500, agbára ṣọ́ọ̀tì (èyí tí orísun iná lè tú jáde bí wáyà bá kan ara wọn) jẹ́ 12,500 kVA. Ẹ fi 125 pín ìyẹn, ó di 100, skúwéè rúùtù rẹ̀ sì jẹ́ 10. Ní hámóníìkì kẹwàá ni kapasítọ̀ àti tíránsífọ́mà ti ń ru ara wọn sókè, dráìfù yín kì í sì í rán nǹkan kan síbẹ̀, nítorí 5, 7, 11 àti 13 ni tirẹ̀. Jẹnẹ́ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí X″d (ìdènà inú jẹnẹ́) tó wà nínú ìwé rẹ̀ bá jẹ́ 16%, ìṣirò kan náà yóò fún yín ní 3,125, lẹ́yìn náà 25, lẹ́yìn náà 5. Orí hámóníìkì karùn-ún gan-an ni ẹ bọ́ sí.

Olùkọ́ Iná dáhùn:
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ibi tí ewu wà nìkan ni ìṣirò yẹn fi hàn. Kò sọ bí ó ti pọ̀ tó. Ìdá 20% yẹn gbà pé kọ́rẹ́ǹtì DC tó ń jáde lẹ́yìn dáyóòdù ń lọ geere láìyí padà. Kapasítọ̀ ló wà lẹ́yìn dáyóòdù nínú ọ̀pọ̀ dráìfù òde òní, dáyóòdù kì í sì í ṣí àfi tí fóltéèjì iná bá ga ju ti inú lọ, nítorí náà kọ́rẹ́ǹtì ń wọlé ní òkìtì-òkìtì, hámóníìkì karùn-ún sì lè kọjá 20% dáadáa. Lórí jẹnẹ́, fóltéèjì fúnra rẹ̀ ti wọ́, ó sì ń yí ìgbà tí dáyóòdù ń ṣí padà. Orísun kọ́rẹ́ǹtì kò lè mọ èyí. Ẹ ya dáyóòdù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àwòṣe, kí ẹ sì dúró kí ìgbì fara balẹ̀ kí ẹ tó ṣe FFT (ìṣirò tó ń tú ìgbì sí hámóníìkì rẹ̀). Tí ẹ bá sì lọ wọn jẹnẹ́ gan-an, ẹ rántí pé ó lè máa sáré ní 51.5 Hz nígbà tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. FFT tó bá dúró lórí 50 Hz yóò fi ohun tí kò sí hàn yín.

Aṣẹ́ná kọ:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Lóòótọ́, 4% ni mo fi sílẹ̀. X″d jẹnẹ́ náà jẹ́ 15%, ó gbé ibi tí wọ́n ti ń ru ara wọn sókè sí hámóníìkì 5.16. A ti yọ kapasítọ̀ kúrò lórí jẹnẹ́ fún ìgbà yìí. Ṣé tí a bá so kọ́ìlì mọ́ ọn, yóò tó?

Bàbá Fíúsì dáhùn:
Kọ́ìlì oní-7% (tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 7% ti kapasítọ̀ ní 50 Hz) yóò tó, torí ó ń gbé òun àti kapasítọ̀ wá sí 189 Hz, nísàlẹ̀ 250 Hz ti hámóníìkì karùn-ún. Ṣùgbọ́n fóltéèjì orí kapasítọ̀ yóò kúrò ní 415 lọ sí nǹkan bí 446, nítorí náà oní-525 V ni kí ẹ rà. kvar tí wọ́n kọ sí i lára yóò dín kù ní fóltéèjì yín. Ẹ ṣírò ìyẹn kí ẹ tó lọ sọ́jà.