Oówo ọmọ mi ń lọ, ó ń bọ̀: ta ló mọ̀ nípa MRSA?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oówo yọ sí itan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi. Wọ́n fún un ní kápúsù, ó fẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, kò pẹ́ òmíràn tún yọ sí ìdí. Lánàá ni ọsibítù pè mí pé MRSA ni. Èmi rò pé àwọn tó ń sùn sí ọsibítù nìkan ló ń kó o ni, ọmọ yìí ò sì sùn níbẹ̀ rí. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀bùn ló fà á, kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus, staph ní kúkúrú, ń gbé nínú imú nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tó bá rí ojú ọgbẹ́ tàbí ibi tí èékánná ha ló ń wọlé. MRSA ni èyí tí ọ̀pọ̀ oògùn ò ràn mọ́ nínú wọn. Lọ́dún 1959 ni wọ́n gbé oògùn kan tó ń jẹ́ methicillin jáde nítorí staph tí penicillin ò pa mọ́. Nígbà tó fi máa di 1961, wọ́n ti rí èyí tí methicillin náà ò pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irinṣẹ́ tí kòkòrò yìí fi ń mọ ògiri ara rẹ̀ ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń dì mú. MRSA ti ní irinṣẹ́ mìíràn tí oògùn ò lè dì mú, ó sì ń mọ ògiri rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí amoxicillin, tó jẹ́ ẹbí methicillin, ò fi lè pa á, bó ti wù kí ọmọ lò ó tó.

Kì í ṣe pé kò gbóògùn o. Doxycycline wà, clindamycin wà, vancomycin tí wọ́n ń fà sí iṣan wà fún èyí tó bá le. Àyẹ̀wò ọyún ló máa sọ èyí tó máa ràn án. Torí náà, bí dókítà bá la oówo náà, ẹ béèrè pé ṣé wọ́n máa fi ọyún náà ránṣẹ́ sí láàbù. Oówo mìíràn wà tó jẹ́ pé lílà tí wọ́n là á, tí ọyún jáde, ìyẹn gan-an ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nílé. Títẹ̀ ń ti ọyún wọ inú ni.

Bàbá Fèyí:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kápúsù tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí eyín ń dùn mí ṣì wà nílé. Ṣé mi ò lè fún ẹni tó bá ní oówo?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Rárá o, Bàbá Fèyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Oògùn tí kò bá pa á tán, èyí tó lágbára jù ló ń ṣẹ́ kù, òun ló sì máa bímọ. Ẹ dá a padà fún àwọn tó ń ta oògùn. Òtútù àti ọ̀fìnkìn náà, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ẹ yéé fi oògùn apakòkòrò àrùn lé e.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀. Ìwé tí wọ́n ń fún wa máa ń ní kí á wo ibi tó pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè má pọ́n rárá. Ó lè kàn dúdú ju ibi yòókù lọ, tàbí kó dà bí elésè àlùkò. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná, ṣé ó le? Ẹ fi bírò fa ìlà yí etí ibi tó wú ká. Bí wíwú náà bá kọjá ìlà, tí ibà bá dé, tàbí tó bá wà nítòsí ojú tàbí imú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i gan-an. Ọmọ ọwọ́ àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kíákíá ni.

Àbúrò Ṣadé:
Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Ṣé ìbọ̀wọ́ tó?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Kò tó, àbúrò mi. Bó o bá bọ́ ọ, fọ ọwọ́ rẹ, kó o tó kan ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ìwọ ló ní ọgbẹ́ tó ń ṣọyún, sọ fún ọ̀gá rẹ kó o tó wọṣẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Nílé ńkọ́? Àwọn méjèèjì jọ ń sùn ni.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ya bẹ́ẹ̀dì wọn ná, bí àyè bá wà. Kálukú ní aṣọ ìnura tiẹ̀, kí wọ́n má pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi báńdéèjì bo ojú oówo pátápátá, ẹ di èyí tí ẹ bá tú sínú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹ sì fọwọ́. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kó gbẹ dáadáa. Ẹ gé èékánná wọn kúrú. Bó bá tún padà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa ìpara mupirocin tí wọ́n ń fi sí imú àti chlorhexidine, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń wẹ̀. Wọ́n sábà máa ń lò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 5. Nígbà mìíràn gbogbo ilé ló máa jọ ṣe é pọ̀, torí ẹlòmíràn lè gbé e sí imú láìmọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ilé ìwé ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Bí báńdéèjì bá bò ó tí ọyún ò jò jáde, ó sábà máa ń lè lọ. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀. Kó má lúwẹ̀ẹ́, kó má ṣe eré tí ara ń kan ara títí ojú rẹ̀ á fi jiná.