Ẹ sọ tiyín: níbo ni àwọ̀ ti jẹ́ kí ohun tó díjú yé yín?

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ iná, gbogbo ohun tó ń kà sórí báyìí kò ju àwọ̀ wáyà lọ: pupa, yẹ́lò, búlúù. Ó wù mí láti gbọ́ tiyín. Lẹ́nu iṣẹ́ yín, níbo ni àwọ̀ ti máa ń là á yé èèyàn láìsí àlàyé púpọ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìlá: Lọ́dọ̀ tiwa, téèpù tí a fi ń wọn apá ọmọ ni, láti ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí apá ọmọ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ojú pupa ló máa hàn: àìjẹunrekánú ti wọ̀ ọ́ lára gan-an, ká tètè gbé e wá fún ìtọ́jú. Láti 11.5 sí 12.5, yẹ́lò. Bó bá kọjá ìyẹn, gíríìnì. Ìyá àgbà kan tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà gba téèpù náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó wé e mọ́ apá òsì ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, yẹ́lò rèé o, kí la máa fún un jẹ?" N kò tíì la ẹnu rárá.

Bàbá Kékeré: Ìyá yẹn gbọ́n.

Ìyá Tọ́míwá, Houston: Èmi, àwọ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní àmì ohùn. Dò, búlúù, re, dúdú, mí, pupa. Tí mo bá kọ ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́ sílẹ̀, lẹ́tà tó kẹ́yìn nìkan ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, kíá ni ohùn wọn á ti máa lọ sókè sódò.

Tíṣà Ọ̀yọ́: Ẹ kú akitiyan, mà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé yẹn, gbogbo rẹ̀ á di dúdú. Ẹ má fi àmì orí sílẹ̀ o.

Ìyá Tọ́míwá, Houston: Mi ò fi sílẹ̀, sà. Àmì wà lórí lẹ́tà, àwọ̀ kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Oníná Mushin: Ẹ jẹ́ n padà sí ti wáyà tí màámi fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, fésì mẹ́ta, ìyẹn àwọn wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti orí òpó, pupa, yẹ́lò àti búlúù là ń pè wọ́n, nútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, sì jẹ́ dúdú. Kódà ẹni tí kò ṣiṣẹ́ iná mọ̀ ọ́n, bí iná ilé bá lọ sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "ẹ bá wa yí i sí yẹ́lò." Wọ́n wá pè mí sí ilé kan tí onílé ti kó wáyà wá láti London. Wáyà tó dáa ni, ó nípọn, kò sí ayédèrú níbẹ̀. Búráùn àti búlúù ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí búlúù lójú bọ́ọ̀dù tí a ti ń pín iná sínú ilé, ó rí búlúù nínú wáyà, ó so wọ́n pọ̀. Búlúù ojú bọ́ọ̀dù, fésì ni. Búlúù ti London, nútírà ni. Ó sì ti so búráùn mọ́ fésì pupa. Fésì méjì ló wá pàdé, kò sí nútírà. Nígbà tí iná dé, volt 415 ló wọ ibi tí 240 yẹ kó wọ̀. Àwọn gílóòbù kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ funfun báláú, wọ́n sì ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fíríìjì jóná, tẹlifíṣọ̀n jóná. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan.

Kò-sí-irọ́: Ọ̀gá, ó ṣòroó gbà o. Kò ní tẹ́sítà ni?

Oníná Mushin: Ó ní. Iná ò sí lọ́jọ́ tó ń so ó. Kí ni tẹ́sítà fẹ́ sọ fún un?

Kò-sí-irọ́: Haa. Mo ti gbà.

Bùọ̀dá Peckham: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe ní London níbí. Pupa àti dúdú là ń lò sára ilé tẹ́lẹ̀. Ní 2004 ni wọ́n gba búráùn àti búlúù wọlé, nígbà tó sì di 2006 wọn ò gba ti àtijọ́ mọ́ nínú iṣẹ́ tuntun. Fésì mẹ́ta wá di búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú. Ẹ wò ó dáadáa: dúdú tó jẹ́ nútírà láyé ọjọ́un ti di fésì, búlúù tó jẹ́ fésì ti di nútírà. Ilé tí méjèèjì bá ti pàdé, ìwé ìkìlọ̀ la máa ń lẹ̀ mọ́ ojú bọ́ọ̀dù nígbà náà. Gbogbo ẹni tó ń fi wáyà ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún oníná yín.

Àjíkẹ́: Kí ni èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ṣe gan-an tí wọ́n fi yí i?

Bùọ̀dá Peckham: Kó lè bá ti ilẹ̀ Yúróòpù yòókù mu ni.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Àbúrò mi ọkùnrin kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí gíríìnì. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n sì ti máa ń jogún ẹ̀. Rìwáyà ni, iṣẹ́ ẹ̀ sì mọ́. Nọ́ńbà ló ń kọ sórí téèpù funfun, á wé e mọ́ ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó tú u.

Aláàbá: Kó wá iṣẹ́ míì ṣe. Iná kì í ṣe eré.

Ọmọ Ọ̀ṣun: Bátìrì mọ́tò volt 12 ni. Àti pé ẹni tó ń kọ nọ́ńbà kì í ṣèèṣì so búlúù mọ́ búlúù.

Bùọ̀dá Peckham: Mo fara mọ́ Ọmọ Ọ̀ṣun. Ẹ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, gíríìnì tó ní ìlà yẹ́lò: ẹni tí kò dá àwọ̀ mọ̀ á ṣì rí ìlà.

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá: Ẹ dákun, ẹ̀yin oníná. Wáyà pupa nìkan ni wọ́n fi ṣe ilé tí à ń gbé, torí òun ni kọ́ìlì wáyà tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ṣé kí n ní kí ọmọ mi tú u ni?

Oníná Mushin: Rárá, mà, kò tíì tó ohun tí à ń tú ilé sí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀ o. Kí wọ́n pa méènì, kí wọ́n fi mítà yẹ wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wé téèpù dúdú mọ́ ẹnu gbogbo nútírà, lójú bọ́ọ̀dù àti nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n kọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sára ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ pupa, ìyẹn ni kí wọ́n pààrọ̀.